Ohun Ìjà Inú Agbọ̀n Ọjà

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ, ta ni nínú wa tí àlùbọ́sà kò tíì pa lẹ́kún rí? Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé yóò jí ní òwúrọ̀ Sátidé, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Mile 12, yóò ra àlùbọ́sà tí wọ́n kó wá láti Sókótó tàbí Kébbí, yóò ra tòmátì, ata rodo àti tàtàṣé. Yóò yà sí ọjà èso Kétu, yóò ra ìbẹ́pẹ. Bí ó bá padà dé ilé rẹ̀ ní Ìkòsì, tí ó sì gbé ọ̀bẹ lé àlùbọ́sà, omijé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Ọkọ tí ó bá wọlé lójijì lè rò pé ìjà ti ṣẹlẹ̀. Kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣì í rò. Ìjà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe láàárín ènìyàn àti ènìyàn. Àlùbọ́sà ni ó ń bá ọ̀bẹ jà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pe èyí ní àwàdà. Ewúrẹ́ tí ó rí ọ̀tá yóò sá. Àgbébọ̀ adìẹ yóò gbé ìyẹ́ sókè, yóò sì fi ẹnu sá ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá gbin ẹ̀gẹ́ sí ni yóò wà títí a ó fi fà á tu. Kòkòrò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́, òkété ń bọ̀ wá wa ìdí rẹ̀, àrùn ń bọ̀ wá bà á jẹ́, kò sì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá. Nítorí náà ni Ẹlẹ́dàá fi fún ohun ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan ní ohun ìjà tirẹ̀. Kíkorò ewúro, títa ata, oje ìbẹ́pẹ, omijé àlùbọ́sà: gbogbo ohun tí a ń pè ní adùn tàbí ìkorò nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa, ohun ìjà ni wọ́n jẹ́ lóko kí wọ́n tó di oúnjẹ nílé.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àwa obìnrin ni ó ń fọwọ́ kan àwọn ohun ìjà wọ̀nyí lójoojúmọ́. Nǹkan méjì ni ó yẹ kí a mọ̀ nípa wọn. Èkínní ni pé ohun ìjà tí ó ṣì mú, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ojú rẹ̀ dé kí ọmọ wa tó fi í sẹ́nu. Èkejì ni pé ohun ọ̀gbìn tí odi ara rẹ̀ ti fọ́, ó ṣeé ṣe kí àlejò búburú ti gba ibẹ̀ wọlé.

Ìdí tí àlùbọ́sà fi ń pa wá lẹ́kún

Nínú ara àlùbọ́sà, ohun méjì wà tí kò gbọdọ̀ pàdé. Ọ̀kan wà nínú yàrá kékeré tirẹ̀, èkejì wà nínú yàrá mìíràn, ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ sì là wọ́n láàárín. Níwọ̀n ìgbà tí àlùbọ́sà bá wà ní odindi, kò ní ta ẹnikẹ́ni lójú. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá gé e jẹ, tàbí bí ọ̀bẹ bá là á, ògiri yóò wó, àwọn méjèèjì yóò pàdé, ohun kan tí ó ń ta yóò sì ti inú ìpàdé wọn bá afẹ́fẹ́ jáde. Òun ni ó ń fò mọ́ wa lójú. Ní ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Japan fi yé aráyé pé èròjà kan wà nínú àlùbọ́sà tí iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an jẹ́ láti pèsè ohun apanilẹ́kún yìí.

Ẹ kíyè sí ọgbọ́n náà dáadáa. Àlùbọ́sà kì í mú idà yíyọ lọ́wọ́, nítorí irú idà bẹ́ẹ̀ lè ṣe òun fúnra rẹ̀ léṣe. Ó pín in sí méjì, ó fi èèkù sí ibì kan, ó fi ojú idà sí ibòmíràn. Ọ̀tá tí ó bá wó ilé náà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ so wọ́n pọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀bẹ mímú fi dára fún àlùbọ́sà ju ọ̀bẹ tí ó ti kú lọ: ọ̀bẹ mímú ń là á kọjá, ọ̀bẹ kíkú ń tẹ̀ ẹ́ fọ́, ògiri tí ó ń wó sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gẹ́ àti oró inú rẹ̀

Irú ọgbọ́n kan náà ni ẹ̀gẹ́ ń lò, ẹ̀gẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí. Ṣùgbọ́n bí ti àlùbọ́sà kò bá ju omijé lọ, ti ẹ̀gẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Nínú ẹ̀gẹ́, ohun kan wà tí oró pamọ́ sí bí ìgbà tí a bá ti nǹkan mọ́ inú àpótí. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà ní yàrá mìíràn. Bí eyín òkété tàbí ẹnu kòkòrò bá ti wó ògiri, kọ́kọ́rọ́ yóò bá àpótí pàdé, oró tí a ń pè ní sáyánáìdì yóò sì tú jáde. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni oró yìí pọ̀ nínú rẹ̀ jù lọ. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn sì mọ̀ ọ́n mọ̀ fẹ́ràn èyí tí ó korò, nítorí àwọn ẹranko tí ń wa oko kì í fẹ́ràn rẹ̀. Bí ọ̀dá bá sì dá, oró inú ẹ̀gẹ́ a máa pọ̀ sí i.

Ìbéèrè mi rèé: ta ni ó sọ fún ẹ̀gẹ́ pé ọmọ ènìyàn kì í ṣe òkété? Ohun ìjà náà kò mọ ìyàtọ̀. Àwọn ìyá wa ni ó mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti wá ọgbọ́n sí i kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ sáyánáìdì.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Wọ́n á bó èèpo rẹ̀ kúrò, nítorí oró pọ̀ nínú èèpo. Wọ́n á rin ín. Rírin yìí ni ó ń wó gbogbo ògiri inú ẹ̀gẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ àti àpótí lè pàdé nínú ọpọ́n dípò kí wọ́n pàdé nínú ikùn wa. Wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní àwọn ọjọ́ náà ni oró ń tú sílẹ̀, tí apá kan ń bá omi rẹ̀ ṣàn lọ, tí apá kan sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì yan án nínú agbada gbígbóná, iná yóò sì lé púpọ̀ nínú èyí tí ó kù jáde. Nítorí èyí ni kò fi yẹ kí ẹni tí ń yan gàrí jókòó sínú yàrá tí atẹ́gùn kò lè fẹ́ sí. Ní ti fùfú àti láfún, omi ni a fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ títí yóò fi rọ̀ pátápátá; rírọ̀ náà ni ẹ̀rí pé àwọn ògiri inú rẹ̀ ti wó.

Sísè lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ẹ̀gẹ́ kíkorò. Iná yóò ba kọ́kọ́rọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n àpótí oró yóò wà níbẹ̀ ní títì, inú ikùn ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni ó sì lè ṣí sí. Ẹ̀gẹ́ tí kò korò, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní Ọkọ-ìyàwó, ni a lè bó, kí a sè, kí a sì jẹ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkánjú ni ó ń sọ oúnjẹ yìí di ewu. Ní ọdún 1981, ọ̀dá mú ní agbègbè Nampula ní orílẹ̀-èdè Mozambique. Oúnjẹ wọ́n, ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ni ó kù, ebi kò sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè dúró de iye ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n fi ṣètò rẹ̀. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn kú tí kò sì tún sàn mọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Nítòsí wa níhìn-ín pẹ̀lú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní àárín ọdún 1960 sí 1970 nípa àìsàn kan ní Ọ̀sọ́sà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àìsàn náà ń mú àgbà máa rìn tàgétàgé, ó sì ń ba ojú àti etí jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà so ó pọ̀ mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ ní gbogbo ìgbà láìsí oúnjẹ amáradàgbà tí ó tó. Àwọn onímọ̀ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti jiyàn lórí bóyá oró ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó fà á, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan kò yí padà: ara ń lo àwọn èròjà inú ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà láti fi pa ìwọ̀nba oró tí ó bá wọlé. Ọmọ tí a fi gàrí nìkan bọ́ ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, a ti gba apata lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó rán an lọ sí ojú ogun.

Ìgbà tí oró kò tó

Ẹ má ṣe rò pé oró ń gba ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ọ̀tá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1980, kòkòrò kékeré kan, tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni pé a bu ìyẹ̀fun lé e, dé sí Congo láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Oró ẹ̀gẹ́ kò dí i lọ́wọ́. Omi ara ẹ̀gẹ́ ni ó ń fà mu, orí ẹ̀gẹ́ á wú jọ, ewé rẹ̀ á ká kò. Kí ọdún 1980 tó dé, ó ti ń ba oko jẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA tí ó wà ní Ìbàdàn ni ó gbé ìjà náà ka orí. Ọ̀mọ̀wé Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè pé: ní ilẹ̀ tí kòkòrò yìí ti wá, kí ni ó ń pa á níbẹ̀? Wọ́n rí ìdáhùn ní Paraguay ní ọdún 1981. Agbọ́n kékeré kan ni, tí kò ju èèrà wẹ́wẹ́ lọ. Inú ara kòkòrò funfun yìí ni ó ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ yóò sì jẹ kòkòrò náà láti inú wá. Ọdún 1981 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbọ́n yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ẹ̀gẹ́ sì bọ́. Ní ọdún 1995, wọ́n fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé nítorí iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nìyí: ẹ̀gẹ́ náà kò dákẹ́. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí lórí agbọ́n yìí, tí wọ́n gbé èsì wọn jáde ní ọdún 1987, rí i pé òórùn ẹ̀gẹ́ tí kòkòrò ti bò ń fa agbọ́n náà mọ́ra, èyí tí ẹ̀gẹ́ tí ara rẹ̀ dá kì í ṣe. Ẹni tí kò ní ẹnu fi òórùn ké gbàjarè, olùrànlọ́wọ́ sì gbọ́. Bákan náà ni àgbàdo ń ṣe. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ewé àgbàdo tí kòkòrò ń jẹ a máa tú òórùn kan jáde tí àwọn agbọ́n tí ń pa kòkòrò náà mọ̀.

Ewúro, ata àti ìbẹ́pẹ

Ohun ìjà mìíràn wà tí a ti sọ di ọ̀rẹ́ nínú ilé ìdáná. Ìkorò ewúro kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹranko fẹ́ràn rẹ̀, àwa pàápàá sì ń fi omi àti iyọ̀ bó o kí a tó sè é. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1987, ní igbó Mahale ní orílẹ̀-èdè Tanzania, Ọ̀mọ̀wé Michael Huffman àti Mohamedi Kalunde ń ṣọ́ abo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò dá. Ìnàkí náà lọ sí ìdí ewúro, ó bó èèpo ẹ̀ka rẹ̀ tútù, ó sì ń fa omi kíkorò inú rẹ̀ mu. Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ohun tí ewúro fi ń lé kòkòrò ni ẹranko náà wá lò fún ara rẹ̀.

Ní ti ata, ènìyàn, eku àti ewúrẹ́ ni títa rẹ̀ ń bá jà. Kì í ta ẹyẹ. Ẹyẹ a gbé e mì, a sì sọ hóró rẹ̀ sílẹ̀ sí ibi jíjìn tí yóò ti hù; ẹranko tí ó ní eyín ìbá ti rún hóró náà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ata inú igbó ní Bolivia, tí ó jáde ní ọdún 2008, fi hàn pé títa náà ń ṣọ́ hóró ata lọ́wọ́ ìdíbàjẹ́ tí ó máa ń gba ojú ihò tí kòkòrò lu wọlé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ nípa ihò yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Oje funfun ara ìbẹ́pẹ dúdú ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n tàbí ewé rẹ̀ sínú ẹran líle kí ó lè tètè rọ̀, oje yìí ni ẹ ń bẹ̀ lọ́wẹ̀. Èròjà tí ń tú ẹran ká wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ní Japan fi hàn pé èròjà yìí gan-an ni ó ń pa ìdin tí ó bá jẹ ewé ìbẹ́pẹ. Nígbà tí wọ́n fọ oje náà kúrò, ìdin jẹ ewé náà, kò sì ṣe é ní nǹkan kan.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí tòmátì

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí a rà ní Mile 12. Ní ọdún 1972, Ọ̀mọ̀wé Clarence Ryan àti ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, kéde ohun tí ènìyàn púpọ̀ kò gbàgbọ́ ní àkókò náà. Bí kòkòrò bá gé ewé tòmátì kan ṣoṣo jẹ, láàárín wákàtí díẹ̀ ìròyìn yóò ti kárí igi náà. Àwọn ewé tí kòkòrò kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn pàápàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó èròjà kan jọ tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú kòkòrò. Kòkòrò yóò jẹun, ikùn rẹ̀ yóò kún, ṣùgbọ́n kò ní rí agbára gbà nínú ohun tí ó jẹ.

Síbẹ̀, kòkòrò tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Ọ̀tá kan wà tí ó rí ọ̀nà gbà. Àfòpiná kékeré ni, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Tuta absoluta. Gúúsù Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Ó wọ Spain ní ọdún 2006, ó sọ̀dá sí Àríwá Áfíríkà, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ rẹ̀, ìdin wẹ́wẹ́, kì í dúró sí ojú ewé. Ó ń wa ihò wọ àárín ewé àti inú èso, oògùn tí àgbẹ̀ ń fín kò sì rọrùn láti bá a níbẹ̀. Ní ọdún 2016, ó run oko tòmátì ní Kaduna, Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Òkè Ọya tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Kaduna fi kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lórí tòmátì ní oṣù Karùn-ún. Ẹ ó rántí orúkọ tí àwọn ènìyàn fún un: Ebola tòmátì. Ní Mile 12 tí tòmátì Òkè Ọya ń balẹ̀ sí, owó apẹ̀rẹ̀ gòkè débi pé ọ̀pọ̀ ìyá gbé ọbẹ̀ kaná láìsí tòmátì nínú rẹ̀. Ìdin tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ni ó wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ gbogbo wa.

Bí ògiri kò bá lanu

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Awọ tòmátì ni ògiri tirẹ̀. Èèpo àgbàdo àti awọ líle ara hóró rẹ̀ ni ògiri ti àgbàdo. Bí kòkòrò bá lu ihò sí i, tàbí bí ọ̀dá bá mú kí ó sán, tàbí bí a bá pa á lára nígbà tí a ń kó o, ìbu yóò gba ojú ọgbẹ́ náà wọlé, ìyẹn olú kékeré tí ń hù lára oúnjẹ tí ó ti bu.

Ní ara tòmátì, a ń rí ìbu yìí, a sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ti àgbàdo àti ẹ̀pà ni ó burú jù, nítorí irú ìbu kan ń fi oró sílẹ̀ sínú wọn tí ojú kò rí, tí ahọ́n kò sì mọ̀. Aflatoxin ni orúkọ oró náà. Iná kò fi bẹ́ẹ̀ pa á. Bí ògì ti wù kí ó hó tó, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò kù. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà. Ní ọdún 2004, ní ìlà-oòrùn Kenya, ènìyàn 317 ṣàìsàn nítorí àgbàdo tí ó ní oró yìí, 125 nínú wọn sì kú.

Ìwọ̀nba tí kò pa ènìyàn pàápàá kò ṣàì ní ìpalára. Ní ọdún 2002, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 480 ní àwọn abúlé Benin àti Togo, ilẹ̀ tí oúnjẹ wọn jọ tiwa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ kan tí a kò rí oró náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kúrú, wọn kò sì wúwo tó ẹgbẹ́ wọn. Ó sì pọ̀ lára ọmọ tí a ti gba lẹ́nu ọmú pátápátá ju ọmọ tí ó ṣì ń mu ọmú lọ. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ wo ìtumọ̀ èyí. Ọjọ́ tí a bá gba ọmọ lẹ́nu ọmú, àgbàdo ni ó máa ń gba ipò wa. Ó yẹ kí a yẹ ẹni tí a fẹ́ gbé ọmọ wa fún wò.

Àwọn onímọ̀ kò káwọ́ lẹ́rán. IITA àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, tí ó gba ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà ní ọdún 2014. Ìbu tí kò ní oró ni wọ́n ń fọ́n sí oko, kí ó lè gba àyè mọ́ ìbu olóró lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó kárí gbogbo oko, ojú ìyá ni ẹ̀ṣọ́ tí ó kẹ́yìn.

Ohun tí ó yẹ kí a máa ṣe

Ẹ má ṣe ra ẹ̀gẹ́ tí ẹ kò mọ irú rẹ̀ láti fi sè jẹ. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ń sè, ẹ bó èèpo rẹ̀ dé funfun, ẹ sè é nínú omi púpọ̀, ẹ má ṣe dé ìkòkò pa, ẹ sì da omi náà nù. Èyí tí ó bá korò lẹ́nu, ẹ dà á nù láìwo owó tí ẹ fi rà á.

Ẹ mọ ẹni tí ń ta fùfú àti gàrí fún yín. Fùfú tí kókó líle pọ̀ nínú rẹ̀, tí kò sì kan rárá, ó ṣeé ṣe kí ó má tíì pẹ́ tó nínú omi. Ẹ bi olùtajà ní ìbéèrè. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ kò ní bínú. Bí ẹ bá lọ sí ilé fún ọdún tí ẹ sì ń ṣe ti ara yín, ẹ má ṣe yọ ọjọ́ kan kúrò nínú ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ fi ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà kún oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí ọmọ bá fẹ́ jẹ, kí ẹ sì máa lo iyọ̀ tí a fi áyódìn sí, nítorí oró ẹ̀gẹ́ lè dá kún ohun tí ń fa gẹ̀gẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọmọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ó ń bì, tí ara rẹ̀ sì rọ jọwọlọ láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ̀gẹ́, ẹ má ṣe dúró fún epo pupa tàbí àgbo. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ẹ ṣa àgbàdo kí ẹ tó rẹ ẹ́ fún ògì. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Hóró tí kòkòrò ti lu, èyí tí ó ti sán, èyí tí ó rún, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ẹ ṣà wọ́n sọnù. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún ẹ̀pà. Ẹ má ṣe kó wọn fún adìẹ, nítorí oró náà ń pa adìẹ pẹ̀lú. Èyí tí ó kù, ẹ fi í sí ibi gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí ó má ṣe kan ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ẹ̀bá odò ní apá Agiliti mọ bí omi ti ń yọ wọlé lásìkò òjò. Àgbàdo tí omi bá ti wọ̀, tí ó sì ti bu, sísá a sí oòrùn kò lè mú oró inú rẹ̀ kúrò.

Ní ti tòmátì, mo mọ̀ pé owó kò dúró sójú kan, èyí tí ó ti rọ̀ ni ó sì máa ń wà ní owó pọ́ọ́kú. Èyí tí ó rọ̀ nítorí pé ó pọ́n kò burú. Ṣùgbọ́n èyí tí ìbu ti hù lára rẹ̀, tàbí tí omi rẹ̀ ti ń rùn, kì í ṣe ọjà pọ́ọ́kú rárá.

Ẹ̀yin aya, ẹ̀yin ìyá, nígbà mìíràn tí àlùbọ́sà bá tún pa yín lẹ́kún, ẹ rántí pé ohun tí ẹ mú lọ́wọ́ yẹn jagun kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ìyá àgbà tí ń rin ẹ̀gẹ́, tí ń fún omi rẹ̀, tí ń ka ọjọ́ rẹ̀, kò ka ìwé kankan nípa oró. Ṣùgbọ́n kò kánjú, ó sì tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Àwa tí a mọ ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí sùúrù wa dín sí tirẹ̀.